Ohun Tí Mo Sọ Nípa Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Wa

Ẹnu mi ni mo fi ṣe é. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ìyá Jẹ́jẹ́ ní wíáháòsì tí mo ti ń rán àpò ní Creek Road, èmi tí n kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo la ẹnu gbèjà èèyàn mi, ọjọ́ náà gan-an ni mo ba tiwa jẹ́. Bí mo bá rántí, inú á bí mi sí ara mi. Lẹ́yìn náà, inú á bí mi sí wọn. Ìbínú kejì yẹn ni kò tíì tán.

Ọdún tí ìjọba fagi lé ìbò ni, 1993. Ẹni tó bá wà l'Ékòó nígbà náà á rántí bí gbogbo nǹkan ṣe dúró. Àwọn tírélà tò láti ẹnu pọ́ọ̀tù Tin Can dé ibi tí ojú ò tó, àwọn dẹ́rẹ́bà ń fọ aṣọ, wọ́n ń sá a sórí táyà. Kò sí ẹrù tó ń jáde. Àpò tí kò jáde kì í ya, bí àpò ò bá sì ya, kí ni èmi fẹ́ rán? Gbogbo wa jókòó. Nígbà tí èèyàn bá jókòó báyẹn, ẹnu ló kù tó ń ṣiṣẹ́.

Èmi, ọmọ mi Ṣayọ̀, àti àbúrò mi Akínsànyà là ń gbé ilé kan náà ní Ajégúnlẹ̀, kò jìnnà sí Boundary. Bàbá Ṣayọ̀ ti kú tipẹ́. Yàrá tèmi àti ti Ṣayọ̀ dojú kọ ti Akínsànyà, kọ́rídọ̀ ló wà láàárín. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni nígbà yẹn, mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Tálì ló ń kọ ní Tin Can: bí wọ́n bá ṣí kọntéénà, òun ló máa dúró ti ẹnu ẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí á máa sàmì sí ẹrù bó ṣe ń jáde. Ó kàwé jù mí lọ. Ìwé mẹ́fà lèmi kà.

Kò níyàwó. Ọ̀rẹ́ kan ló ní, Ebikabowei, ará Ìjọ̀ tó ń jó irin lára ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo ọjọ́ Sunday ló máa ń wá. Wọ́n á se ẹja, wọ́n á gbọ́ rédíò, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọ iléèwé. Mo mọ̀. Mi ò bi í rí, òun náà ò sì sọ fún mi rí, àmọ́ mo mọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé, bí ẹ̀rín wọn bá ti ń lọ sókè, mo máa dìde, mo máa ti fèrèsé kọ́rídọ̀ pa.

Kì í ṣe àìdáa ni mo fi ń tì í. Ní 1986, wọ́n mú ọkùnrin télọ̀ kan ládùúgbò wa, wọ́n ní ó ṣe irú ẹ̀. Mo rí bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan nínú gọ́tà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Òun fúnra rẹ̀, a ò rí i mọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè. Èmi náà ò béèrè.

Nǹkan kan tún wà tí mo ní láti sọ, torí á tún bọ̀. Ìyá wa kú nígbà tí Akínsànyà ò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí. Ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì ìyá wa ká sínú bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja. Tèmi ká bẹ́ẹ̀. Ti Akínsànyà ká bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bí Ṣayọ̀, kí n tó wò ó bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ìka ni mo kọ́kọ́ wò. Ó ti ká. Ní wíáháòsì wọ́n máa ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìka yẹn ni ò jẹ́ kí okùn yọ̀ lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó ní kí n wá sọ bó ṣe dé ibẹ̀.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, a kóra jọ níwájú tábìlì Onome tó ń ta ìwé ìròyìn. Àwa kì í rà. A máa ń dúró kà á lọ́fẹ̀ẹ́ ni, Onome á máa bú wa, a ò ní lọ. Ọ̀kan nínú ìwé ìròyìn yẹn gbé e pé àwọn dókítà òyìnbó ní Amẹ́ríkà ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tiwọn wò, wọ́n sì rò pé àwọn ti rí nǹkan kan níbẹ̀ tó ń bá ọ̀dọ̀ ìyá wá. Pé wọ́n bí i mọ́ àwọn kan ni. Onome ní kí Akínsànyà tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa kà á sókè.

"Na lie!" Onome fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pariwo. "For my papa compound for Isoko we get goat, we get dog, we get fowl. I never see one he-goat wey say him no want she-goat. Animal sef get sense."

Tamuno, bàbá àgbàlagbà kan tó ti wa ọkọ̀ ojú omi rí, fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "You never see because you no look. My uncle get one ram for Bonny. Dem bring am wife three times, the thing just turn back dey chop grass. Na the other ram e dey follow up and down. We kill am for Christmas. The meat sweet pass all."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Onome ò rẹ́rìn-ín.

"You don hear? Na animal dem be! I talk am!"

Mo wo ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹranko kì í ṣe é, òun náà ló ń sọ pé ẹranko ni wọ́n. Ẹranko ò ṣe é, ẹ̀bi ni. Ẹranko ṣe é, ẹ̀bi ni. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́.

Eucharia tí a jọ ń rán àpò wá béèrè ohun tó dà bí ìbéèrè gidi. Ó ní, "Oya, brother Akin, answer me. If dem no dey born pikin, why dem never finish for this world? How dem take still dey remain?"

Akínsànyà ní ìwé náà dáhùn ìyẹn, pé àwọn kan lára àwọn onímọ̀ rò pé ẹni tí kò bímọ lè jẹ́ ẹni tó ń ran ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́, kí ọmọ yẹn má kú, kó dàgbà, kó bímọ. Báyẹn, ẹ̀jẹ̀ ìyá wọn ò ní parun. Pé àwọn mìíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn òyìnbó ṣì ń bá ara wọn jiyàn. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó wò mí lójú, ó sì yára gbé ojú kúrò.

Ara mi kọ́kọ́ yá gágá. Torí òótọ́ ni. Nígbà tí èéyi fẹ́ pa Ṣayọ̀, Akínsànyà ló gbé e sẹ́yìn nínú òjò láti Boundary dé ọsibítù, láìwọ bàtà. Òun ló rán an lọ sí iléèwé tó ti kọ́ títẹ táípù. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, ẹ ò rí i, ó wúlò. Àmọ́ kí n tó délé, inú ti ń bí mi. Wúlò fún ta ni? Ṣé torí pé ó gbé ọmọ mi ló fi yẹ kó máa mí? Onome ò gbé ọmọ ẹnikẹ́ni rí, kò sì sí dókítà kankan tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n lè mọ ìdí tó fi wà láyé.

Akínsànyà ní tirẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó ra ìwé ìròyìn náà, òun nìkan ló rà á lọ́jọ́ yẹn. Ó fi sísọ́ọ̀sì gé ojú ewé yẹn jáde, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ sínú ìwé orin rẹ̀. Ó sì pè mí wọ yàrá.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ló dé?"

"Kì í ṣe pé mo ya ìyàkuyà." Ó ń wo ilẹ̀. "Ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí wọ́n kọ."

Ọ̀rọ̀ tí a ò sọ láti ogún ọdún nìyẹn. Mo ní, "Mo gbọ́," mo sì lọ wo omi tí mo gbé kaná. Ó yẹ kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó.

Ṣayọ̀ ní àfẹ́sọ́nà nígbà yẹn. Tóbilọ́ba lorúkọ ọmọkùnrin náà, ọ́fíìsì kan náà ni wọ́n jọ wà ní Apapa. Ọmọ dáadáa ni, ohùn rẹ̀ kì í le. Bàbá rẹ̀ ni Díkọ́nì nínú ìjọ wọn, ilé wọn wà lápá ibi tí títì ti mọ́ ní Apapa. Wọ́n ti kọ lẹ́tà ìtọrọ, a ti dáhùn, ó ku kí wọ́n wá mú ọjọ́. Àmọ́ kò sí ìdílé Yorùbá tó mọ ohun tó ń ṣe tí á mú ọjọ́ láìṣe ìwádìí. Wọ́n ní láti mọ̀ bóyá àrùn kan ń jà nínú ilé ìyàwó. Àwa náà ti rán èèyàn lọ wádìí tiwọn.

Ẹni tí wọ́n rán sí wa ni Àǹtí Mercy, àbúrò Díkọ́nì lóbìnrin. Ó mú búrẹ́dì gígùn kan wá lọ́sàn-án ọjọ́ Thursday, ó jókòó sórí àga mi, ó wo òrùlé, ó wo ilẹ̀, ó wo aṣọ fèrèsé.

"Ìyá Ṣayọ̀, ẹ má bínú o. Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni."

"Kò sí wàhálà, mà."

"Ṣé kò sí wàràpá nínú ilé yín?"

"Kò sí, mà."

"Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú?"

"Kò sí. Ikọ́ ló pa ìyá wa, kì í sì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, kò sí àbùkù kankan. Bàbá bàbá wa kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa, Tíṣà, òun ò tiẹ̀ fẹ́yàwó, torí iṣẹ́ Olúwa. Òun àti Tíṣà kejì, ogójì ọdún ni wọ́n jọ gbé ilé míṣọ̀n. Nígbà tí ọ̀kan kú, ìkejì ò pé oṣù mẹ́ta láyé. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sin wọ́n sí. Irú ìfẹ́ Kristẹni bẹ́ẹ̀ ò sí mọ́."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mo wò ó. Kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Ó gbà á gbọ́.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbúrò yín ọkùnrin yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mò ń gbọ́ kò dáa. Wọ́n ní àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ ojú omi ló kọ́ ọ. Wọ́n ní wọ́n ń fún un ní nǹkan. Ẹ ò rí i, iṣẹ́ pọ́ọ̀tù yìí, gbogbo ẹ̀gbin ayé ló ń bá ọkọ̀ wá. Ó yẹ kí wọ́n na ẹni bẹ́ẹ̀ kó bì í jáde ni."

Ó yẹ kí n dákẹ́. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé ni kí n dákẹ́. Àmọ́ bàtà inú gọ́tà yẹn wá síwájú mi, mo sì rí ẹsẹ̀ Akínsànyà nínú ẹ̀.

"Kò sí òyìnbó tó kọ́ ọ ní nǹkan kan, mà," mo ní. "Àbímọ́ ni. Ó wà nínú ìwé ìròyìn. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, ọ̀dọ̀ ìyá ló ti ń wá. Dókítà ló rí i. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀."

Àǹtí Mercy mu omi tí mo gbé fún un tán, gbogbo ẹ̀, ó sì dìde.

"Ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́ fún mi, Ìyá Ṣayọ̀."

Mo sìn ín dé títì. Mo tiẹ̀ ń yọ̀. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ ọ́ fún Eucharia níbi tí a ti jókòó sórí àpò òfìfo ní wíáháòsì. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mama Ṣayọ̀! You talk say na from mother side?"

"Ohun tí ìwé sọ nìyẹn."

"The belle wey born Akin, na the same belle born you. And who be Ṣayọ̀ mother? No be you?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo ń gbèjà àbúrò mi, mo sì fi ọwọ́ ara mi fa ìlà láti ara ìyá wa wá sí ara mi, láti ara mi lọ sí ara ọmọ mi. Níwájú ẹni tó wá béèrè àrùn. Òyìnbó tó kọ ọ́ ò lè mọ̀ pé ibi kan wà láyé tí wọ́n ti ń béèrè ẹ̀jẹ̀ ìyá kí wọ́n tó mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Èmi mọ̀. Èmi tí mo mọ̀ ni mo sọ ọ́.

Ọjọ́ Saturday, wọ́n ránṣẹ́ pé Díkọ́nì fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Monday. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Akínsànyà. Kò bú mi. Ó lọ mú ìwé orin rẹ̀, ó yọ bébà yẹn jáde, ó yà á sí méjì, ó yà á sí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀.

"Bàbá wa níyàwó méjì, àbí?"

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ wá láti Ṣàgámù níhìn-ín. Ẹ ní ọbàkan yín ni mí. Ẹ ní ìyàwó kejì ló bí mi. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ìyá ló ti ń wá, ìyẹn tó. Ṣayọ̀ á lọ sílé ọkọ rẹ̀. Èmi á bá Ebikabowei lọ sí Warri fún ìgbà díẹ̀."

Ṣayọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ pé kí n ṣe é, kò sọ pé kí n má ṣe é. Ó ṣáà ń fi ìka rẹ̀ yí etí aṣọ rẹ̀. Mo sọ fún Akínsànyà pé mo gbọ́. Mo ti gbà láti ṣe é nìyẹn. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Wọ́n dé lọ́jọ́ Monday, aago mẹ́rin: Díkọ́nì, Àǹtí Mercy, Tóbilọ́ba lẹ́yìn wọn bí ẹni tí wọ́n fà wá. Ṣayọ̀ gbé mínírà wá, kò sẹ́ni tó mu ún. Ilẹ̀kùn Akínsànyà wà ní títì. Rédíò rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dé, ó ti pa á.

"Màdáàmù, a ò wá jà," Díkọ́nì ní. "Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ti ọkùnrin yẹn, a ní ìwà ni. Ìwà ṣeé fi sílẹ̀. À bá ní kí ẹ mú un wá, ká gbààwẹ̀, ká gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbààwẹ̀ fún?"

"Ìwé ìròyìn ló sọ ọ́, sà."

"Dádì," Tóbilọ́ba ní, "ìwé kan náà ní wọn ò tíì fẹnu kò. Àwọn dókítà mìíràn ní—"

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo rí bí ojú Ṣayọ̀ ṣe kúrò lára Tóbilọ́ba.

Àǹtí Mercy sún mọ́ mi, ó gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún. "Ìyá Ṣayọ̀, a fẹ́ràn ọmọ yín. A ti rí ọ̀nà. Mo gbọ́ lẹ́nu Tóbilọ́ba pé bàbá yín níyàwó méjì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọkùnrin yìí, ọmọ ìyá yín ni, àbí ọbàkan yín? Bó bá jẹ́ ọbàkan, ọ̀rọ̀ ti tán. Tiwọn ni, kì í ṣe tiyín. A lè mú ọjọ́ báyìí."

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Ọbà—kan. Ọ̀rọ̀ kékeré. Mo ń gbọ́ bí ẹnìkan ṣe ń mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn kejì. Ṣayọ̀ gbá tíréè mọ́ àyà.

Mo ń lọ́ra jù. Àǹtí Mercy bá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ ṣáà sọ ọ́. A ò ní wádìí ẹ̀ mọ́."

Ohun tó ṣe mí nìyẹn. A ò ní wádìí ẹ̀ mọ́. Wọn ò wá òótọ́ wá rárá. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù àrùn ló ń bà wọ́n ní tòótọ́, wọ́n á fẹ́ mọ̀ dájú. Wọ́n kàn fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi gbé e síta ni, kí wọ́n lè bá mi jẹun.

"Ọmọ ìyá mi ni," mo ní.

Díkọ́nì ní, "Ẹ rò ó dáadáa."

"Mo ti rò ó, sà. Ọmú kan la mu. Èmi ni mo gbé e pọ̀n." Mo gbé ọwọ́ òsì mi sórí tábìlì, láàárín àwọn ìgò mínírà. "Ẹ wo ìka yìí. Ti ìyá wa ni. Akínsànyà ní in. Ṣayọ̀ ní in, ọmọ yín sì ti dì í mú káàkiri Apapa. Ẹ̀jẹ̀ ló mú ìyẹn náà wá, ẹ ò béèrè ẹ̀. Ẹ... ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, sà. Lọ́jọ́ Thursday ẹ ní kíkọ́ ni wọ́n kọ́ ọ, ẹ ní ká nà án. Lónìí ẹ ní àbímọ́ ni, ẹ fẹ́ sá fún gbogbo wa. Bó bá jẹ́ kíkọ́, ìyà. Bó bá jẹ́ àbímọ́, ìyà. Èwo wá ni kí n sọ tí ẹ ó fi jẹ́ kó jókòó sílé ara rẹ̀? Kò jalè. Kò lu ẹnikẹ́ni. Àwọn tó pa télọ̀ àdúgbò wa, ẹ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ tiwọn wò? Wọ́n bímọ, wọ́n ń fọmọ fọ́kọ, kò sẹ́ni tó ń wádìí wọn!"

Mi ò sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láyé mi rí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Tíṣà méjèèjì, ogójì ọdún, ilé míṣọ̀n, sàréè méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo wo Àǹtí Mercy. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, ìyẹn á wó wọn lulẹ̀. Mo sì rí i pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórúnkún mi wéré, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí.

Mi ò sọ ọ́. Àwọn méjì yẹn ti sùn. Mi ò ní jí wọn kí n lè fi wọ́n ja ìjà tèmi.

Díkọ́nì dìde. Ó ní kí Ṣayọ̀ dá lẹ́tà wọn padà. Ṣayọ̀ wọ yàrá, ó mú un wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó sì kúnlẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ. Tóbilọ́ba ni ó jáde kẹ́yìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Bàbá rẹ̀ fun fèrè ọkọ̀ níta. Ó lọ.

Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn Akínsànyà, orí báàgì tó ti dì ló jókòó sí, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ba ayé ọmọ yìí jẹ́."

"Tú ẹrù yẹn," mo ní.

Ṣayọ̀ ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Mi ò bá a jà. Ó ní ẹ̀tọ́ sí i, ìgbésí ayé rẹ̀ ni mo fi san ọ̀rọ̀ mi. Tóbilọ́ba fi ìwé ránṣẹ́ sí i, pé bí ìyá rẹ̀ bá lè wá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà níwájú bàbá òun, nǹkan ṣì lè dáa. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo rí i. Ọjọ́ karùn-ún ló wá bá mi ní wíáháòsì, ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀, àpò tó ya sì wà nílẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó mú abẹ́rẹ́ Eucharia.

"Màámi."

"Ọmọ mi."

"Ohun tí wọ́n sọ yẹn. Ṣé lóòótọ́ ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa? Bí mo bá bímọ, tó bá lọ rí bíi Bọ̀dá Akin ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀. Àwọn tó kọ ọ́ pàápàá ń jà lórí ẹ̀. Bí ọmọ náà bá rí bẹ́ẹ̀, a ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú ẹ̀ pọ̀n."

Ó rán àpò náà títí dé ìdí. Ó ní òun ti dá Tóbilọ́ba lóhùn. Ó ní kò gùn, ọ̀rọ̀ kan péré lòun kọ. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi, mi ò sì béèrè. Omijé ń bọ́ sórí àpò ìrẹsì bó ṣe ń rán an, àmọ́ okùn ò yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Sunday, Ebikabowei wá. Ó mú ẹja wá, ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni pé ó fẹ́ sọ nǹkan, mo ní kó má wulẹ̀ sọ. Kò pẹ́ tí òórùn ata gba kọ́rídọ̀. Rédíò sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ nǹkan, ìkejì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ń lọ sókè. Àwọn èèyàn ń kọjá níta, mo rí Onome lára wọn.

Mo dìde, mo lọ síbi fèrèsé. Ọwọ́ mi ti wà lára rẹ̀.

"Màámi," Ṣayọ̀ ní látorí bẹ́ẹ̀dì, "ooru ń mú."

Ẹ̀rù ń bà mí. Ó ṣì ń bà mí. Mi ò ṣí i gbayawu. Àmọ́ mi ò tì í pa. Mo fi í sí ìdajì, mo sì dúró síbẹ̀, mò ń wo títì.